Ọdẹ ara tí ń bọ́ olè

Bí ọdẹ ṣe ń ṣọ́ ìlú ni àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun ṣe ń ṣọ́ ara ènìyàn. Sẹ́ẹ̀lì T wà lára wọn. Inú mùdùnmúdùn egungun ni wọ́n ti ń ṣẹ̀ wá, ṣùgbọ́n inú tímúùsì, ẹ̀yà ara kékeré kan tí ó wà lẹ́yìn egungun àyà, ni wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́. Nígbà mìíràn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-iṣẹ́ yìí máa ń yí padà. Kò ní parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, kò ní kú nígbà tí ó yẹ kí ó kú, yóò sì máa bí irú ara rẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ nìyẹn, èyí tí àwọn dókítà ń fi èdè Faransé pè ní lésémì. Ọmọdé àti ọ̀dọ́ wà lára àwọn tí irú rẹ̀ yìí ń mú. Ọmọ náà á máa rẹ̀, ojú rẹ̀ á ṣì, ẹ̀jẹ̀ lè máa yọ ní imú tàbí ní èrìgì rẹ̀. Mímí pàápàá lè ṣòro bí tímúùsì bá wú.

Ohun kan ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu. Sẹ́ẹ̀lì burúkú yìí, tí ó le tó bẹ́ẹ̀ nínú ara, kì í pẹ́ kú bí wọ́n bá yọ ọ́ jáde tí wọ́n sì dá a gbé sínú àwo. Ta ni ń bọ́ ọ nínú ara?

Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Texas, ní ìlú Austin ní Amẹ́ríkà, wá ìdáhùn lára èkúté. Ní ọdún 2016, wọ́n fi hàn pé àwọn sẹ́ẹ̀lì ìdílé mìíràn, tí ń gbé nítòsí jẹjẹrẹ náà nínú tímúùsì, lè mú un wà láàyè. Míyélóìdì ni orúkọ ìdílé yìí. Ọdẹ sì ni àwọn náà! Àwọn kan ń gbé kòkòrò àrùn mì, àwọn kan ń kó òkú sẹ́ẹ̀lì dànù, àwọn mìíràn ń ké sí ẹgbẹ́ wọn. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀.

Ẹ̀rí tí ó lágbára jù lọ jáde ní ọdún 2020. Wọ́n mú oríṣi èkúté méjì tí ó ní àrùn náà, wọ́n sì dín míyélóìdì inú ara wọn kù. Jẹjẹrẹ náà dín kù ní ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara, ẹ̀mí àwọn èkúté náà sì gùn sí i.

Ẹnìkan lè rò pé ṣe ni míyélóìdì ń dí àwọn sẹ́ẹ̀lì T tí ara wọn dá lọ́wọ́, kí wọ́n má bàa bá jẹjẹrẹ jà. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni, nítorí ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ nínú àwọn jẹjẹrẹ mìíràn. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí bẹ́ẹ̀ níhìn-ín. Míyélóìdì ń ran jẹjẹrẹ náà lọ́wọ́ ní tààrà. Ohun kan wà lára sẹ́ẹ̀lì burúkú náà tí ó dà bí ilẹ̀kùn. IGF1R ni wọ́n ń pè é. Bí míyélóìdì bá ti jẹ́ kí ilẹ̀kùn yìí ṣí, sẹ́ẹ̀lì náà á gba àṣẹ pé kí ó máa wà láàyè, kí ó sì máa pọ̀ sí i.

Èkúté kì í ṣe ènìyàn, nítorí náà wọ́n tún gba sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ lára àwọn aláìsàn. Wọ́n fi í sínú àwo pẹ̀lú míyélóìdì tí wọ́n tọ́ láti inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, ó sì rí ìrànlọ́wọ́ láti wà láàyè níbẹ̀ pẹ̀lú. Nínú àkọsílẹ̀ nípa àwọn ọmọdé tí ó ní àrùn yìí, àwọn tí àmì màkírófáàjì, ìran kan nínú ìdílé míyélóìdì, pọ̀ lára wọn ni àbájáde àìsàn wọn burú jù.

Kò sí dókítà tí yóò torí èyí pa gbogbo míyélóìdì aláìsàn run. Àrùn kékeré lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Oògùn tí yóò ti ilẹ̀kùn yẹn pa, tàbí tí yóò gba oúnjẹ lọ́wọ́ olè láìpa ọdẹ, ni ìwádìí náà ń tọ́ka sí. Àwọn oògùn òní ń wo ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó rí wọn gbà sàn. Ṣùgbọ́n bí àrùn náà bá padà dé lẹ́yìn ìwòsàn, ó máa ń ṣòro gan-an láti borí rẹ̀.