Ẹrù Orí Ìyá Wa Ya Òyìnbó Lẹ́nu!

Ẹ̀yin ònkàwé wa, ta ni kò ru ẹrù rí nínú wa? Ǹjẹ́ ẹ gbà pé ẹrù wà tí a lè rù kó má rẹni? Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Ẹ gbọ́ná!

Ní 1986, Norman Heglund àti Maloiy ará Kenya pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kó àwọn obìnrin Luo àti Kikuyu sórí ẹ̀rọ tí èèyàn ń rìn lórí rẹ̀ láì kúrò lójú kan. Àwọn Luo a máa gbé ẹrù ka orí bíi tiwa. Àwọn Kikuyu a máa fi okùn kọ́ ọ níwájú orí, kó wà lẹ́yìn. Wọ́n wá wọn èémí wọn, torí bí iṣẹ́ bá ṣe le tó ni ara ń lo afẹ́fẹ́ tó.

Kí ni wọ́n rí? Obìnrin tó wọn 60 kílò ru 12 kílò, agbára tó ná kò ju ti ìgbà tó ń rìn lọ́wọ́ òfìfo lọ! Ìgbà tí ẹrù ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara lọ ni ìnáwó tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn sójà tó gbé tiwọn sẹ́yìn ńkọ́? Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni tiwọn ti ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ní 1995 ni Heglund àti Cavagna ará Ítálì pẹ̀lú àwọn mìíràn tú àṣírí ọ̀hún. Bí a bá ń rìn, à ń fì bí ọmọ aago ara ògiri: ara á ga díẹ̀, bó bá sì ń sọ̀ kalẹ̀, á tì wá síwájú. Díẹ̀ ń ṣòfò nínú agbára yẹn. Bí ẹrù bá wà lórí àwọn obìnrin wọ̀nyí, òfò náà ń dín kù. (Eré sísá yàtọ̀: níbẹ̀, iṣan ẹsẹ̀ ń nà, ó sì ń fà padà bíi rọ́bà.)

Ṣùgbọ́n kí ọkọ kankan má fi èyí ṣe àwáwí o! Igi ìdáná ni ìyá mi rù tà tó fi rán mi nílé ìwé. Títí dòní, ọrùn kò jẹ́ kó sùn. Ní 2010, Ray Lloyd àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àwọn obìnrin Xhosa wò ní South Africa: wọn kò rí i pé àgbérù fúyẹ́ ju àgbésẹ́yìn lọ, ìrora ọrùn sì wà níbẹ̀.

Ẹni tó ru ẹrù ló mọ bó ṣe wúwo. Ìyá tiyín ńkọ́? Ẹ kọ lẹ́tà sí wa.