Òṣèré Tó Jáde Nínú Eré, Ta Ni Yóò Dá A Padà?

Àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán láàárín àwọn tó ń ṣeré orí ìtàgé: ṣé ó yẹ kí òṣèré jáde nínú ipa tó ń kó nígbà tí eré ṣì ń lọ lọ́wọ́? Ọba orí ìtàgé bú sẹ́rìn-ín nítorí pé ìjòyè rẹ̀ ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ẹni tí wọ́n ti pa dìde, ó ń ṣa owó. Ọ̀dàlẹ̀ tí gbogbo ilé ń ṣépè fún yíjú padà, ó ń kí ìyálọ́jà tó jókòó níwájú. Àwọn tó kọ́ eré ní yunifásítì á ní èèwọ̀ ni. Àwọn tó ti inú ẹgbẹ́ alárìnkiri jáde á ní bí a ṣe ń ṣe é láyé bàbá wa nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má kó òfin òyìnbó lé àwọn lórí. Ó kù díẹ̀ káàtó fún àwọn méjèèjì. Àwọn ti ìṣáájú ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé irú ibì kan ṣoṣo ni eré ti ń wáyé, àwọn ti ìkẹyìn sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi àṣà bo ìmẹ́lẹ́ mọ́lẹ̀. Ní àwọn ìlú kéékèèké àti abà tó yí Ìbàdàn ká, láti Mọ́níyà dé Lálúpọn, láti Ẹgbẹ́dá dé Àkànrán, ojúde ni wọ́n ti ń ṣeré, tàbí gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́, tàbí inú ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tí mo rí sí ọ̀rọ̀ náà ni pé jíjáde fúnra rẹ̀ kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Kí òṣèré tó jáde, ǹjẹ́ nǹkan kan wà lórí pápá tí yóò dá a padà?

Ọ̀dọ̀ eégún aláré ló yẹ ká ti kọ́kọ́ wò ó, nítorí pé òun ló pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Nígbà tí Hugh Clapperton, ará Scotland, dé Ọ̀yọ́ Ilé ní 1826, wọ́n ṣeré fún un, ó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀: àwọn tó wọ agọ̀ bí àpò ń jó, òjòlá jáde, ìkẹyìn rẹ̀ wá ni òyìnbó tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tó wù mí jù nínú àkọsílẹ̀ náà kì í ṣe òjòlá. Àwọn òǹwòran kò jókòó jẹ́ẹ́. Àlejò ni wọ́n ń yíjú sí, wọ́n ń sọ fún un pé kó wò ó dáadáa, wọ́n ń bi í bóyá eré náà kò dùn. J. A. Adédèjì, tó fi eré alárìnjó, orúkọ mìíràn fún eégún aláré, ṣe iṣẹ́ ìwádìí ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1969, lo àkọsílẹ̀ yìí gan-an. Ẹni tó bá sì ń sọ pé kí òǹwòran pa ẹnu mọ́, kí òṣèré má mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń wo òun, kó yáa rántí pé eré tiwa tó pẹ́ jù nínú ìwé kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Àmọ́ o, ẹ wo bí jíjáde náà ṣe rí. Eégún kan ń ṣe ìdán ọ̀mùtí: ẹsẹ̀ ń kọ́ra, ara ń fì sọ́tùn-ún sósì, àwọn ọmọdé ń rẹ́rìn-ín. Bàbá kan tó pẹ́ dé wọ agbo. Lójú ẹsẹ̀, ọ̀mùtí dúró ṣinṣin, ó gbé ohùn eégún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi iwì ki bàbá náà láti orí bàbá rẹ̀ dé orí bàbá ńlá rẹ̀. Bàbá fi ọwọ́ sí àpò, owó jáde, ọmọ ẹ̀yìn eégún ṣa á. Ní gbogbo àsìkò yìí, bàtá kò dákẹ́, ó kàn rẹ ohùn sílẹ̀ ni. Ó ṣe díẹ̀, ìyá ìlù pè é lẹ́ẹ̀kan, orúnkún tẹ̀, ọ̀mùtí ti padà dé. Ṣé ẹnikẹ́ni nínú agbo á ní eré ti bàjẹ́? Rárá. Ẹnu nìkan ni eégún fi jáde, ara rẹ̀ kò jáde. Ó lè ṣàdúrà fún onílé, ó lè tọrọ owó, ó lè fi onílù ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò gbọdọ̀ hàn. Atọ́kùn ń ṣọ́ ẹ̀gbẹ́, onílù ń ṣọ́ ààlà. Òfin wà níbẹ̀, ó sì le ju ti yunifásítì lọ. Ibi tí wọ́n fi sí ló yàtọ̀.

Ohun kan tún wà tí a kì í sábà rò. Bí ẹ̀rín bá gbọ̀n ọ̀mùtí lábẹ́ agọ̀, ta ni yóò rí i? Aṣọ bò ó. Ìgbà tí òṣèré bọ́ agọ̀ tó sì gbé ojú gbangba dé iwájú èèyàn ni ẹ̀rín di wàhálà, nítorí pé ojú kò ní ibi tí yóò sá sí mọ́. Ibẹ̀ ni òfin pé kí òṣèré má rẹ́rìn-ín ti rí ìdí, ìdí gidi sì ni. Ẹni tó dìídì yíjú sí àwọn òǹwòran ti mọ ibi tó ń lọ. Ẹni tí ẹ̀rín bì lulẹ̀ kò mọ̀ ọ́n, ara rẹ̀ ló gbé e jáde láìbi í. Fún ìdí yìí, mo gbà pé ẹ̀rín tí kò sí nínú eré jẹ́ àléébù níbikíbi tí ojú bá ti wà ní gbangba. Mi ò kàn gbà pé àléébù yẹn àti kíkí òǹwòran jẹ́ ọ̀kan náà ni.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Ìtàn bí Hubert Ògúndé ṣe sọ eré di iṣẹ́ òòjọ́ ní 1945, tí àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e, ẹ ti mọ̀ ọ́n, mi ò ní tún un rò. Ohun tó kàn wá ni tíkẹ́ẹ̀tì. Eégún aláré kò ní ẹnu ọ̀nà, ìdúró díẹ̀ tó fi ń ki èèyàn gan-an ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ibẹ̀ ni owó iṣẹ́ rẹ̀ ti ń wọlé. Ẹgbẹ́ tó ta tíkẹ́ẹ̀tì ti gba owó kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, òkú tó dìde lórí ìtàgé láti ṣa náírà ń gba owó lẹ́ẹ̀mejì lórí iṣẹ́ kan, kò sì sí àṣà tó lè gbè é lẹ́sẹ̀. Wọ́n á ní ohun tí ọ̀gá ń fún òṣèré kò tó jẹun, owó tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí ló ń gbé e délé. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ààrin òun àti ọ̀gá rẹ̀ ni ẹjọ́ yẹn wà, ẹni tó ti sanwó láti wo òkú kò sí níbẹ̀. Ohun mìíràn tún ni pé àwọn ẹgbẹ́ alárìnkiri ti wá ọgbọ́n sí i tipẹ́: orin ìbẹ̀rẹ̀ tí gbogbo òṣèré ń jáde wá kọ, tí wọ́n fi ń kí ìlú, tí wọ́n fi ń jó, kí eré gan-an tó wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ fi ara rẹ̀ hàn, tó sì fẹ́ gba owó ìwúrí, ó ti ní àyè tirẹ̀.

Bíbá òǹwòran sọ̀rọ̀ láàárín eré, ìyẹn kò jẹ́ jíjáde rárá lójú tèmi. Karin Barber, ọ̀mọ̀wé ará Britain tó bá ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí ṣeré ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, tó sì tẹ ìwé lórí wọn jáde ní 2000, ṣàlàyé pé wọn kì í há eré sórí láti inú ìwé. Òṣèré mọ bí ìtàn ṣe ń lọ, ó sì ń hun ọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ bí àwọn èèyàn bá ṣe ń dáhùn. Ẹni tó bá mọ eré àdúgbò wa mọ̀ bẹ́ẹ̀: òṣèré á sọ ìlàjì òwe, á dúró, agbo á sọ ìlàjì tó kù. Bí iyàwó ilé bá ń sunkún, àwọn ìyá tó jókòó á máa bá a ṣe hùn-ún. Níbi tí wọ́n ti jọ ń hun ọ̀rọ̀ báyìí, ògiri wo ni òṣèré fẹ́ wó?

Wọ́n tún máa ń sọ pé ará oko kò mọ eré yàtọ̀ sí òótọ́, pé òṣèré tó bá jáde yóò da orí wọn rú. Ìtàn kan wà tí wọ́n fi ń gbè é lẹ́yìn, ti òṣèré tó ṣe ìkà lórí ìtàgé tí wọ́n fẹ́ nà lọ́jà ní ọjọ́ kejì. Mo ti ṣàkíyèsí pé ẹnu àwọn òṣèré ni ìtàn náà ti ń jáde jù, ó sì yin ẹni tó ń sọ ọ́ dáadáa. Nígbà tí Dúró Ládiípọ̀ ń ṣe Ṣàngó nínú Ọba Kò So láti 1963, àwọn èèyàn ń pe òun gan-an ní Ṣàngó. Ìyìn ni wọ́n fi ṣe, kì í ṣe àṣìmọ̀. Orí òǹwòran gba méjèèjì pọ̀. Lóòótọ́, irú eré bẹ́ẹ̀ kò fàyè gba ẹ̀fẹ̀: Ṣàngó tó bá ṣẹ́jú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ níwájú ti tán. Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, kò ní ìṣòro yẹn, nítorí pé awò ojú ńlá rẹ̀ àti aṣọ rẹ̀ ti kéde pé ẹ̀fẹ̀ dé kó tó la ẹnu. Èèyàn kò lè fi òṣùwọ̀n kan ṣoṣo wọn àwọn méjèèjì.

Àǹfààní kan wà nínú dídúró sínú ipa tí àwọn alátakò mi lè fi gún mi lójú, kí n yáa fúnra mi sọ ọ́. Wọ́n ní ọba kì í pa ọ̀kọrin. Ipa ni asà òṣèré: níwọ̀n ìgbà tó bá wà nínú rẹ̀, ó lè sọ ohun tí ará ìlú kò lè sọ lójú gbangba. Yorùbá Ronú tí Ògúndé gbé jáde ní 1964 bú àwọn tó wà lórí àlééfà láì pe orúkọ ẹnikẹ́ni, àwọn òǹwòran ló ń fi orúkọ sí i fúnra wọn. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ Ògúndé síbẹ̀, ìgbà tí ìjọba ológun lábẹ́ Fájuyì dé ní 1966 ni òfin náà kásẹ̀ nílẹ̀. Asà náà ní ihò, a rí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó jáde nínú ipa láti dárúkọ ìjòyè kan lórí ìtàgé ti sọ èyí tó kù nínú rẹ̀ nù.

Ẹ wá jẹ́ ká dé yunifásítì. Gbọ̀ngàn eré ní Yunifásítì Ìbàdàn ṣókùnkùn, iná wà lára òṣèré nìkan, òǹwòran dákẹ́, kò sì sí onílù kankan tó dúró ní ẹ̀gbẹ́ tí yóò pe ẹnikẹ́ni padà. Níbẹ̀, ẹ̀rín kan ṣoṣo lè ba wákàtí méjì jẹ́. Òfin àwọn olùkọ́ eré tọ́ fún ibẹ̀. Àṣìṣe wọn ni pé wọ́n gbé e jáde kúrò níbẹ̀. Àwọn fúnra wọn pàápàá kì í pa á mọ́ délẹ̀. Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ọ̀gá ẹgbẹ́ alárìnkiri, gbé Lànkẹ́ Ọ̀mùtí sórí ìtàgé yẹn kan náà ní 1963, ó sì gbé e kiri ìlú lẹ́yìn náà. Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan, olùkọ́ eré, nínú eré rẹ̀ Once Upon Four Robbers dá eré dúró, ó ní kí òǹwòran sọ ibi tí òun yóò parí sí. Bertolt Brecht ti Jámánì fi irú rẹ̀ ṣe ẹ̀kọ́. Kò sí ẹni tó pe àwọn wọ̀nyí ní aláìmọ̀ṣẹ́, nítorí pé wọ́n ti la ọ̀nà àbọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó jáde.

Wọ́n lè wá sọ pé bí mo ṣe gbé e kalẹ̀ yìí, ẹgbẹ́ tó bá ní onílù lè ṣe ohun tó wù ú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlù tó bá pe òṣèré ní ìgbà mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ kò ní agbára mọ́, àwọn èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn sọ̀rọ̀, àwọn ọmọdé á sùn. Ṣọ́ọ̀ṣì náà ní ìṣòro tirẹ̀: látìgbà tí ẹgbẹ́ eré Mount Zion ti Mike Bámilóyè ti bẹ̀rẹ̀ ní 1985 tí eré ẹ̀mí sì tàn ká, pásítọ̀ ló ń dá eré dúró ju òṣèré lọ. Wọ́n ti ṣẹ́gun Èṣù, ìjọ hó yèè, pásítọ̀ ti gba gbohùngbohùn, ó ń pe àwọn tó fẹ́ gbàlà. Kò sí ẹni tó ń bínú sí i, nítorí pé ìwàásù ni wọ́n wá gbọ́. Síbẹ̀, ó máa ń ya èèyàn lẹ́nu pé ọ̀dọ́mọkùnrin tó rẹ́rìn-ín díẹ̀ nínú ipa ọmọ ogun Róòmù ló ń gba ìbáwí lẹ́yìn ìsìn.

Ilé ẹ̀kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn mí jù. Ní àṣekágbá ọdún, ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ń ṣe ìyá àgbà rí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nísàlẹ̀, ẹ̀rín bò ó, olùkọ́ ń na ìka sí i láti ẹ̀gbẹ́, ọmọ gbàgbé gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ pátápátá. Orin tó ń jáde láti inú ẹ̀rọ kò lè dúró dè é, kò sì lè pè é. Àwọn ilé Àyàn sì wà káàkiri àgbègbè yìí, tí ọmọ wọn ń lu gángan níbi ìsọmọlórúkọ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Nínú owó tí ilé ẹ̀kọ́ fi ń háyà ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti jẹnẹrétọ̀, kí wọ́n yọ ti onílù kan, kó wá bá àwọn ọmọ náà dánra wò fún ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n mọ ohùn tó ń pe ìyá àgbà yàtọ̀ sí èyí tó ń pe ọkọ rẹ̀.