ÌLÚ TÍ A TẸ̀ DÓ SÓRÍ ÀPÁTA

Kò sí ọmọ Ìbàdàn tí kò mọ̀ pé orí òkè ni àwọn baba wa sá sí ní ọjọ́ ìpọ́njú. Ìtàn sọ pé nígbà tí ogun tú ìlú àkọ́kọ́ tí Lágelú tẹ̀ dó, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gun òkè lọ, wọ́n ń jẹ èso òro àti ìgbín, títí wọ́n fi rí àyè sọ̀kalẹ̀. Nítorí ìrántí ìgbà náà ni a ṣe ń ṣe ọdún Òkè Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ìlú kan wà ní ilẹ̀ Yorùbá tí ó gbé orí òkè fún ìran púpọ̀. Ìlú náà ni Ìdànrè, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Ẹni tí ó bá ti Ìrókò lọ yóò gba Ìbàdàn, Ifẹ̀, Iléṣà àti Àkúrẹ́ kọjá, lẹ́yìn náà ni yóò kọjú sí ìhà gúúsù. Kí ó tó dé ìlú ni yóò ti máa rí àwọn àpáta ńláńlá tí wọ́n dúró bí ògiri. Láti ìsàlẹ̀ dé ìlú àtijọ́, àkàbà tí ó lé ní 600 ni a kà, a sì ṣe ibi ìsinmi sí ojú ọ̀nà fún ẹni tí ó bá rẹ̀. Lókè náà ni ààfin àtijọ́ ti Ọwá wà, pẹ̀lú ilé ẹjọ́, ibojì àwọn àgbà, àti ilé ẹ̀kọ́ tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1896.

Ẹ jẹ́ kí a ro bí ìgbé ayé wọn yóò ti rí. Ogun kò lè gun àpáta yìí láìjẹ́ pé a rí i láti òkèèrè. Nítorí náà ni oorun wọn fi dùn nígbà tí ilẹ̀ Yorùbá gbóná. Ṣùgbọ́n ààbò náà kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ohunkóhun tí a bá rà tàbí tí a bá kórè nísàlẹ̀, orí ni a ó fi rù ú gòkè. Aboyún ń gùn ún, arúgbó ń gùn ún. Ìyá tí ó ní ọmọ kékeré kò lè gbàgbé pé ọ̀gbun kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Nígbà tí ogun Kírìjì parí, tí àwọn ọmọ ogun sì tú ká ní 1893, ìdí pàtàkì tí a fi ń gbé òkè ti kúrò nílẹ̀. Lẹ́yìn 1920 ni àwọn ará Ìdànrè ṣí wá sí ìsàlẹ̀, níbi tí ọkọ̀ lè dé, tí ọjà sì súnmọ́ wọn. Ohun tí ó gba baba là ni ọmọ fi sílẹ̀ kí ara lè dẹ̀ ẹ́, kò sì sí ẹni tí a lè dá lẹ́bi.

Àgbẹ̀ lè bi mí pé, kí ni àpáta fún mi? Òkúta akọ ni òkè náà. Inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni ó ti dì ní àtètèkọ́ṣe, òjò àti ẹ̀fúùfù sì gbá erùpẹ̀ orí rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi yọ síta. Oòrùn ń mú un gbóná lọ́sàn-án, òru ń mú un tutù, ara rẹ̀ a sì máa ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Òjò kò lè wọ inú àpáta; ṣe ni ó ń ṣàn wá sí ìdí òkè, tí ó ń rin ilẹ̀ ibẹ̀. Ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni kòkó ti ń ṣe dáradára, Ìdànrè sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí kòkó ti pọ̀ jùlọ ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n bí a bá pa igbó ìdí òkè run, omi kan náà tí ń rin oko yóò gbá erùpẹ̀ rẹ̀ lọ.

Ẹ̀dá kékeré kan tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ ni, a kò sì mọ ibòmíràn tí ó ń gbé ju àwọn àpáta Ìdànrè lọ. Inú pàlàpálá òkúta ni ó ń sá pamọ́ sí, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń dàgbà nínú omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ń ṣàn lójú àpáta. Ní 1963 ni onímọ̀ kan kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ohun tí ó lé ní 40 ọdún kọjá tí ẹnikẹ́ni kò ròyìn pé òun rí i, títí àwọn onímọ̀ fi tún bá a pàdé ní 2013. Iná ìgbẹ́ kan ṣoṣo lè ba ibùgbé irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ jẹ́.

Ní òkè Andes, ní Peru àti Bolivia ti Gúúsù Amẹ́ríkà, àwọn àgbẹ̀ ń gbé abúlé tí ó ga tó 4,000 mítà. Wọ́n a tẹ́ pòtétò sílẹ̀ kí òtútù òru mú un gan, wọ́n a fi ẹsẹ̀ tẹ omi rẹ̀ jáde, wọ́n a sì sá a sóòrùn kí ó lè pẹ́ nílé, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe èlùbọ́. Àlejò tí ó bá dé ibẹ̀ lójijì a máa ní ẹ̀fọ́rí àti èébì, nítorí pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́. Òkè Ìdànrè kò ga tó 1,000 mítà, nítorí náà kò sí irú àìsàn yẹn níbẹ̀. Ewu tiwa ni oòrùn, òùngbẹ, ìyọ̀ṣubú àti ejò.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ gun òkè, kí ó gbọ́ ìmọ̀ràn yìí. Kí ó gùn ún ní òwúrọ̀, kí ó gbé omi mímu lọ́wọ́, kí ó sì wọ bàtà tí ó di ilẹ̀ mú. Kí ó má gùn ún lẹ́yìn òjò, nítorí àpáta tútù a máa yọ̀. Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn ọkàn, kí ó kọ́kọ́ bi dókítà léèrè. Bí ejò bá bu ènìyàn jẹ, ẹ má ṣe sín in ní gbẹ́rẹ́, ẹ má ṣe fi ẹnu fa ojú egbò, ẹ má sì ṣe fi okùn dì í pinpin. Ẹ jẹ́ kí ó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, kí ẹ má jẹ́ kí ó mi ibi tí ejò ti bù ú jẹ, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ní 2007 ni Nàìjíríà fi orúkọ Òkè Ìdànrè sínú ìwé àwọn ibi tí ó fẹ́ kí àjọ UNESCO gbà gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ìwé kò lè gbé ògiri amọ̀ ró. Bí òjò bá ń pa á tí kò sí olùtọ́jú, yóò wó. Ẹ̀yin àgbẹ̀ Ìrókò àti Akínyẹlé, òkè kékeré àti àpáta wà ní etí oko tiyín pẹ̀lú. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, kí ẹ tó ṣáná sí pápá, ẹ kọ́kọ́ la ojú iná yí i ká. Ẹ sì jẹ́ kí igbó ìdí òkè wà, kí omi má bàa gbá ilẹ̀ yín lọ. Ilẹ̀ tí a tọ́jú lónìí ni ọmọ yóò rí oko dá sí lọ́la.