Ìwé-Ẹ̀rí Kékeré Láti Yunifásítì fún Àwọn Ẹnjiníà

Ẹnjiníà tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yóò ti rí i pé nǹkan ti yí padà: bátìrì ti ń mú ọkọ̀ rìn, kọ̀ǹpútà sì ti ń darí ẹ̀rọ tí ọwọ́ ènìyàn ń darí tẹ́lẹ̀. Ó nílò ìmọ̀ tuntun, àmọ́ kò lè fi iṣẹ́ àti ìdílé sílẹ̀ lọ jókòó sí kíláàsì fún ọdún méjì. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìwé-ẹ̀rí kékeré (microcredential) wà fún: ẹ̀kọ́ kúkúrú lórí ohun kan pàtó, tó ní ìdánwò, tí yunifásítì sì fọwọ́ sí.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2015, yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà kéde irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kan, MicroMasters àkọ́kọ́, lórí bí a ṣe ń ṣètò ọjà láti ilé-iṣẹ́ títí dé ọwọ́ oníbàárà. Orí edX, ìkànnì ẹ̀kọ́ tí MIT àti Harvard dá sílẹ̀ ní 2012, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Kọ́ọ̀sì 5 ni, ìdánwò àṣekágbá sì tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá yege lè tọrọ àyè ní MIT. Bí wọ́n bá gbà á, ohun tó ti kọ́ nílé yóò dín àkókò rẹ̀ kù, yóò sì gba máásítà lẹ́yìn sáà kan péré nínú ọgbà. Èyí ló wú mi lórí jù. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń kọ́kọ́ gba ènìyàn wọlé kó tó kẹ́kọ̀ọ́. Níbí, ó ti kẹ́kọ̀ọ́ ná, máàkì rẹ̀ ló ń bá a bẹ̀bẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà.

New Zealand gba ọ̀nà mìíràn. Láti 2018 ni ìjọba ibẹ̀ ti ń fọwọ́ sí irú ẹ̀kọ́ yìí, kírẹ́díìtì 5 sí 40 nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀. Kírẹ́díìtì 1 dúró fún wákàtí 10, nítorí náà ẹ̀kọ́ tó gùn jù gba 400 wákàtí. Ilé-ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé àwọn agbanisíṣẹ́ tàbí àwùjọ nílò ohun tó fẹ́ kọ́ni.

Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹfà 2022, Ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù dámọ̀ràn ohun tó yẹ kó hàn lára ìwé-ẹ̀rí kékeré: ẹni tó fún ni, ọjọ́ tó jáde, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe báyìí, ìwọ̀n iṣẹ́ tó ṣe àti irú ìdánwò tó yege.

Ẹ wá àwọn nǹkan wọ̀nyí kí ẹ tó sanwó. Bí kò bá sí ìdánwò, ẹ̀rí pé ẹ wà níbẹ̀ lásán ni. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá yunifásítì mìíràn yóò kà á mọ́ dígírì, nítorí ọ̀pọ̀ kì í kà á. Ní Nàìjíríà, COREN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà, ni òfin fún láṣẹ láti forúkọ ẹnjiníà sílẹ̀. Ìwé-ẹ̀rí kékeré kò lè rọ́pò ìforúkọsílẹ̀ yẹn.