Àjèjé Ọwọ́ Kan Tó Gbé Igbá Dé Orí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjèjé ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí. Ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ni wọ́n fi òwe náà kọ́ wa, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n kí ni kí ẹni tí Elédùmarè dá pẹ̀lú ọwọ́ kan ṣoṣo ṣe sí igbá tirẹ̀? Ṣé kí ó jókòó tì í títí ẹlòmíràn yóò fi wá bá a gbé e ni, àbí kí ó wá ọgbọ́n mìíràn dá? Ọmọkùnrin kan láti ìlú Flint, ní ìpínlẹ̀ Michigan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, dáhùn ìbéèrè yìí lórí pápá beesibọ́ọ̀lù kí ó tó pé ọmọ ọdún méjìlélógún.

Ọjọ́ 19, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1967 ni wọ́n bí James Anthony Abbott, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Jim. Apá ọ̀tún rẹ̀ parí sí ìtòsí ọrùn ọwọ́. Kò sí àtẹ́lẹwọ́ níbẹ̀. Ọ̀dọ́ ni bàbá àti ìyá rẹ̀ nígbà náà, àwọn fúnra wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ayé í gbé ni. Nígbà tí Jim wà ní kékeré, wọ́n ṣe ọwọ́ àtọwọ́dá kan fún un tí ó ní ìkọ́ irin lẹ́nu. Ọmọ náà kórìíra rẹ̀. Nígbà tó yá, ó bọ́ ọ sílẹ̀, kò sì wọ̀ ọ́ mọ́.

Àwọn òbí rẹ̀ kò fi í pamọ́ sínú ilé. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni yóò rọ̀ ọ́ lọ́rùn, nítorí pé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gbá a. Ṣùgbọ́n beesibọ́ọ̀lù ni ọkàn ọmọ fẹ́. Olùkọ́ rẹ̀ kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ náà ṣe ohun kan tí Jim kò gbàgbé títí di òní: ó kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ dánra wò títí ó fi mọ bí ènìyàn ṣe lè fi ọwọ́ kan so okùn bàtà, lẹ́yìn náà ni ó wá fi ọ̀nà náà han ọmọ. Olùkọ́ náà kò bá a so ó. Ó kọ́ ọ bí yóò ṣe máa so ó fúnra rẹ̀.

Ẹni tí kò bá mọ eré yìí lè má mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti le tó. Nínú beesibọ́ọ̀lù, ẹnì kan a dúró láàárín pápá, a ju bọ́ọ̀lù kékeré kan tí ó le bí òkúta sí alátakò tí ó mú igi dání. Bí alátakò bá gbá a, bọ́ọ̀lù lè padà wá bá ẹni tí ó jù ú kíákíá bí ọta ìbọn. Ìdí nìyí tí ajubọ́ọ̀lù fi máa ń wọ ìbọ̀wọ́ awọ ńlá sí ọwọ́ kan, tí yóò sì fi ọwọ́ kejì ju bọ́ọ̀lù. Ọwọ́ méjèèjì ni iṣẹ́ náà ń béèrè.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Jim a máa dá dúró síwájú ògiri bíríkì, a ju bọ́ọ̀lù lù ú, a sì máa gbìyànjú láti hán an bí ó bá ń padà bọ̀. Yóò gbé ìbọ̀wọ́ náà lé góńgó apá ọ̀tún, yóò fi ọwọ́ òsì ju bọ́ọ̀lù, kí ojú tó ṣẹ́ yóò ti ti ọwọ́ òsì yẹn kan náà bọ inú ìbọ̀wọ́. Bí ó bá ti mú bọ́ọ̀lù, yóò há ìbọ̀wọ́ mọ́ àyà, yóò fa ọwọ́ yọ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù, yóò sì tún jù ú. Bí ó ti ń dàgbà sí i ni ó ń sún mọ́ ògiri náà sí i, kí bọ́ọ̀lù lè máa yára padà.

Ní ilé-ìwé girama, àwọn alátakò rò pé àwọn ti rí àléébù rẹ̀. Dípò kí wọ́n fi agbára gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n a kàn fi igi kàn án jẹ́jẹ́ kí ó lè yí gbirigbiri síwájú rẹ̀, kí ó lè sáré wá mú un. Wọ́n ṣe é léraléra, ó sì ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi jáwọ́. Nígbà tí ó jáde ilé-ìwé ní ọdún 1985, ẹgbẹ́ Toronto Blue Jays yàn án ní ìpele 36 nínú ètò tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá fi ń yan ọ̀dọ́ eléré.

Owó wà níwájú, ilé-ìwé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀dọ́ mélòó ni kì bá sáré tẹ̀lé owó? Jim yan Yunifásítì Michigan. Láti ọdún 1986 di 1988 tí ó fi ju bọ́ọ̀lù fún wọn, ó borí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 26, ó pàdánù 8 péré, ẹgbẹ́ náà sì gba ife ẹ̀yẹ Big Ten lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí ìpele 36 ni wọ́n tó dárúkọ rẹ̀ ti di ẹni tí gbogbo akọ́nimọ̀ọ́gbá ń wò.

Ọdún 1987 ni òkìkí rẹ̀ kàn kọjá òkun. Ó bá ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà lọ sí Havana ní ilẹ̀ Kúbà, níbi tí beesibọ́ọ̀lù ti wọ ara ènìyàn bí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ti wọ tiwa. Jim borí wọn níbẹ̀. Ó tó ọdún 25 tí ajubọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà kan ti ṣe irú rẹ̀ kẹ́yìn lórí ilẹ̀ Kúbà. Ní ọdún yẹn kan náà, òun ni ó gbé àsíá orílẹ̀-èdè rẹ̀ níbi ìdíje Pan American ní Indianapolis. Ó gba àmì-ẹ̀yẹ Golden Spikes, tí wọ́n máa ń fún òṣèré beesibọ́ọ̀lù tí ó tayọ jù láàárín àwọn tí kò tíì di òṣìṣẹ́ olówó-oṣù. Ó gba ti James E. Sullivan pẹ̀lú, òun sì ni ẹlẹ́sìn beesibọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Ní ọdún 1988, ẹgbẹ́ California Angels ni ó yàn án, òun sì ni ẹni kẹjọ tí wọ́n dárúkọ ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní Òlíḿpíìkì Seoul, níbi tí beesibọ́ọ̀lù ti jẹ́ eré àfihàn, òun ni ó ju bọ́ọ̀lù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nígbà tí Amẹ́ríkà fi àmì ayò 5 sí 3 borí Japan ní àṣekágbá. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ eléré ló máa ń lo ọdún díẹ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké kí wọ́n tó dé òkè. Jim kò lo ọjọ́ kan níbẹ̀. Àwọn kan ń kùn pé àánú ni wọ́n fi gbé e sókè, tàbí pé wọ́n fẹ́ fi fa èrò ni. Ó pàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní oṣù kẹrin ọdún 1989. Kí ọdún náà tó parí, ó ti borí nínú 12, ó sì pàdánù 12. Àánú kì í bá ènìyàn borí lẹ́ẹ̀mejìlá.

Kò sí ayé tí ó tẹ́jú títí. Ní ọjọ́ 4, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1993, nígbà tí ó wà pẹ̀lú New York Yankees, ó ju bọ́ọ̀lù sí ẹgbẹ́ Cleveland láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìsí ẹnì kan tí ó gbá a dáadáa débi tí yóò fi ṣe é ní àǹfààní. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó borí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 2 péré, ó pàdánù 18. Ní ọdún 1999 ni ó fi eré náà sílẹ̀. Àpapọ̀ tí ó pàdánù ju èyí tí ó borí lọ. Síbẹ̀, ní gbogbo ìlú tí ó dé, àwọn òbí a máa mú àwọn ọmọ tí wọ́n bí láìpé ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ wá bá a, òun náà a sì máa yà sọ́dọ̀ wọn.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹni òrìṣà ni àwọn baba wa ń pe irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n gbà pé ọwọ́ Ọbàtálá ni ó mọ wọ́n. Orúkọ náà níyì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á bi ara wa léèrè: ẹni òrìṣà mélòó ni ó wà ní àdúgbò wa tí kò jáde ilé nítorí ojú tí a fi ń wò ó? Mélòó ni a ti sọ fún pé kí ó jókòó jẹ́jẹ́, kí ó tó ráyè dán ohunkóhun wò?

Jim kò rí ọwọ́ kejì gbà títí di òní. Ohun tí ó rí gbà kò ju òbí tí kò fi í pamọ́, olùkọ́ tí ó kọ́kọ́ kọ́ ara rẹ̀ ní ohun tí ó fẹ́ fi kọ́ni, àti ògiri tí ó dá a lóhùn ní gbogbo ìgbà tí ó bá ju bọ́ọ̀lù lù ú. Kò sí èyí tí owó gọbọi wà nínú rẹ̀ níbẹ̀. Bí òwe àwọn àgbà bá wá jẹ́ òótọ́, bóyá irú èyí gan-an ni ọwọ́ kejì tí wọ́n ń sọ.