Wọ́n Ní Yìnyín Ni Ilé Wọn: Ibùdó Àgbọ́sọ àti Àwọn Breen nínú Star Trek

Nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní lítíréṣọ̀, ohun tí a sábà máa ń sọ fún wọn nípa ibùdó ìtàn ni pé òun ni ibi tí ìtàn ti ṣẹlẹ̀ àti àkókò tí ó ṣẹlẹ̀. Ìtumọ̀ yìí kò burú, ṣùgbọ́n kò tó. Ibùdó kan wà tí ìtàn kò dé rí, tí òǹkàwé tàbí òǹwòran kò fojú kàn, tí ó jẹ́ pé ẹnu àwọn ẹ̀dá-ìtàn nìkan ni a ti ń gbọ́ nípa rẹ̀. Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣe àlàyé irú ibùdó bẹ́ẹ̀, èyí tí a ó máa pè ní ibùdó àgbọ́sọ, kí a sì fi hàn pé ìdáhùn akẹ́kọ̀ọ́ lórí rẹ̀ ń fẹ́ ìṣọ́ra lọ́wọ́ ẹni tí yóò fún un ní máàkì. Àpẹẹrẹ wa kò ti inú ìwé Yorùbá wá. Inú Star Trek ni a ti mú un, nítorí pé ọgbọ́n yìí hàn níbẹ̀ kedere, àti nítorí pé irú eré bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń wò nílé, tí wọ́n sì ń mú wọ inú àròkọ wọn.

Fún àǹfààní ẹni tí kò bá mọ eré náà: eré orí tẹlifíṣàn ni, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1966. Ìtàn nípa àwọn ọmọ ènìyàn tí ń wọ ọkọ̀ kiri àárín ìràwọ̀ ni, tí wọ́n ń pàdé àwọn ẹ̀dá ayé mìíràn, tí wọ́n sì dá àjọ kan sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn kan nínú wọn. Oríṣiríṣi eré ni ó ti inú rẹ̀ jáde. Èyí tí ọ̀rọ̀ wa kàn jù ni Deep Space Nine, tí wọ́n ṣe láti 1993 títí di 1999, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ dá lórí ogun tí ilẹ̀ ọba ńlá kan tí ń jẹ́ Dominion gbé ti àwọn alájọṣe wọ̀nyí.

Nínú ìtàn yìí ni a ti rí àwọn ẹ̀dá kan tí wọ́n ń pè ní Breen. Orúkọ wọn dé etí wa ṣáájú kí a tó rí wọn. Ní 1990, nínú apá kan eré tí ó ṣáájú Deep Space Nine, a gbọ́ pé àwọn ẹ̀dá tí wọ́n lè mọ inú ẹlòmíràn láìbi í léèrè kò lè mọ inú Breen. Kò sí Breen kankan níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ kíyè sí ohun tí òǹkọ̀wé ṣe: ohun àkọ́kọ́ tí a mọ̀ nípa wọn ni pé a kò lè mọ̀ wọ́n. Láti ìgbà náà lọ, orúkọ wọn á kàn yọ lẹ́nu ẹnì kan, á sì tún rì.

Ní 1995 ni a tó fojú kàn wọ́n, nínú apá tí ń jẹ́ "Indiscretion". Kira Nerys àti ọ̀tá rẹ̀ àtijọ́, Gul Dukat, ń wá àwọn tí wọ́n wà nínú ọkọ̀ kan tí ó ti sọnù láti bí ọdún mẹ́fà. Wọ́n bá wọn ní ayé kan tí ń jẹ́ Dozaria, níbi tí àwọn Breen ti sọ wọ́n di ẹrú tí ń wa kùsà. Aginjù ni Dozaria, oòrùn ibẹ̀ sì mú ganrínganrín. Síbẹ̀ àwọn Breen wọ aṣọ bo ara láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n dé akoto tí ó bo gbogbo ojú, tí imú rẹ̀ sì gùn jáde bí ẹnu ẹranko. Ibẹ̀ ni a ti gbọ́ àlàyé tí gbogbo ènìyàn wá gbà lẹ́yìn náà: wọ́n ní ayé tí àwọn Breen ti wá, ilẹ̀ yìnyín tí kò ní nǹkan kan lórí ni, pé ìdí nìyí tí wọ́n fi ní láti wọ aṣọ amáratutù bí wọ́n bá jáde. Àlàyé náà mọ́gbọ́n dání. Ó fi ohun tí ojú rí, èyíinì ni aṣọ, ti ohun tí ojú kò rí lẹ́yìn, èyíinì ni yìnyín. Kò sí ẹni tí ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó sọ ọ́ bóyá ó ti dé ibẹ̀ rí.

Nínú apá kan ní 1997, Breen kan wà ní àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n tí Dominion kó àwọn òǹdè sí. Ó jókòó ti ògiri, kò bá ẹnikẹ́ni dá sí ọ̀rọ̀. Nígbà tí ọ̀ràn dójú ẹ̀, ó já ohun ìjà gbà, ó sì kú síbẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ náà jẹ́ ìfìwàwẹ̀dá. Ẹni tí kò sọ̀rọ̀, àwa ni a ń bá a sọ ọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn jù ni ọdún 1999, nígbà tí ogun ń parí lọ tí àwọn Breen wá dara pọ̀ mọ́ Dominion. Wọ́n kọlu Ayé wa yìí gan-an, wọ́n ba ibùjókòó àwọn ológun àjọ náà jẹ́ ní San Francisco. Ohun ìjà wọn tí ń gba agbára lára ọkọ̀ sì pa ọkọ̀ Defiant run, ọkọ̀ tí àwọn òǹwòran ti mọ̀ bí ẹní mọ ilé ara wọn. Ní àkókò yìí kan náà, Weyoun, aṣojú Dominion, ń bá Damar, olórí àwọn ará Cardassia, sọ̀rọ̀. Damar sọ ohun tí gbogbo ayé ń sọ: pé ilẹ̀ yìnyín ni ilé àwọn Breen. Weyoun dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ kọ́, pé ojú ọjọ́ ibẹ̀ tuni lára. Kí wá ni aṣọ amáratutù wà fún? Kò sí ìdáhùn.

Ọ̀pọ̀ òǹwòran gbà pé Weyoun ti tú àṣírí lójú eré nìyẹn. Lójú tiwa, níhìn-ín gan-an ni ó yẹ kí olùkọ́ dá kíláàsì dúró. Ta ni Weyoun? Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa fi ẹnu dídùn tan ènìyàn ni. Damar yìí kan náà ni wọ́n fi ipá mú fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn Breen láìjẹ́ kí ó kà á, ìwé tí wọ́n ti fi lára ilẹ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ tọrẹ. Ẹni tí ó ṣe èyí sí i ni ó ń sọ fún un báyìí pé ilé àwọn Breen kò tutù. Òótọ́ lè wà lẹ́nu rẹ̀, kò sì lè sí. Àgbọ́sọ àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ náà dì, àgbọ́sọ kejì ní kò dì, kámẹ́rà kò sì gbé wa dé ibẹ̀ nínú gbogbo Deep Space Nine. Ìdáhùn tí ó pé jù lọ ni pé a kò mọ̀.

Ọ̀rọ̀ èdè tún kàn wá gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ èdè. Nínú eré yìí, ẹ̀rọ ògbufọ̀ kan wà tí ó ń sọ èdè gbogbo di èyí tí òǹwòran gbọ́. Ti àwọn Breen kò rí bẹ́ẹ̀ nínú Deep Space Nine. Nígbà tí Thot Gor, ọ̀gágun wọn, bá sọ̀rọ̀, ohùn hanranhanran bí rédíò tí kò mú ìkànnì ni à ń gbọ́, wọn kò sì kọ ìtumọ̀ kankan sí ìsàlẹ̀. Síbẹ̀ Weyoun gbọ́ ọ, ó sì ń fèsì. Inú èsì rẹ̀ ni a ti ń ṣa ohun tí ọ̀gágun náà lè ti sọ jọ, bí ẹni tí ń gbọ́ apá kan ìpè tẹlifóònù. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ wọn náà di àgbọ́sọ.

Kò yẹ kí a wá sá fún eéru bọ́ sí iná. Akẹ́kọ̀ọ́ kan lè sọ pé bí ti yìnyín kò bá dájú, a jẹ́ pé wọ́n kàn ń pa irọ́ mọ́ àwọn Breen ni. Èyí náà kò tọ̀nà. Àwọn ẹrú Dozaria, ojú wa ni a fi rí wọn. Iná San Francisco, a rí i. Ìwà ìkà wọn ní ẹ̀rí nínú ìtàn; ilé wọn ni kò ní. Àṣìṣe tí àwọn ẹ̀dá-ìtàn ṣe ni pé wọ́n da méjèèjì pọ̀, wọ́n jẹ́ kí òtútù ilẹ̀ náà máa ṣe àlàyé òtútù inú àwọn tí ń gbé orí rẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá lè ya méjèèjì sọ́tọ̀, ó ti ka ìtàn náà yé.

Èdè Yorùbá ní irinṣẹ́ tí ó dára fún iṣẹ́ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í sábà fi í kọ́ni nínú lítíréṣọ̀. "Wọ́n ní", "a gbọ́ pé", "ó jọ pé", "wọ́n máa ń sọ pé": ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn ń sọ ibi tí ìmọ̀ ti wá. Ẹ wo "wọ́n" inú "wọ́n ní". Ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ ni, ṣùgbọ́n kò rọ́pò orúkọ ẹnikẹ́ni. Bí a bá béèrè pé "àwọn ta ni?", ẹni tí ó sọ ọ́ kò ní lè nawọ́ sí ẹnì kan. Àwọn àgbà ní ìròyìn ò tó àfojúbà. Nínú ìwé ìdánwò, àwọn ọ̀rọ̀ kékeré wọ̀nyí ni akẹ́kọ̀ọ́ tètè máa ń jù nù nígbà tí ó bá ń sáré, nítorí ó rò pé wọn kò ṣe nǹkan kan nínú gbólóhùn.

Àwọn òǹkọ̀wé tí wọ́n dé lẹ́yìn kò fi ihò náà sílẹ̀ láìdí. Ní 2010, David Mack kọ ìwé ìtàn àròsọ kan, Zero Sum Game, tí ó sọ pé ẹ̀yà Breen ju ọ̀kan lọ, pé ọ̀kan péré nínú wọn ni ó nílò òtútù, àti pé wọ́n fi akoto bo ojú kí ẹnikẹ́ni má baà fi ẹ̀yà ẹlòmíràn dá a lẹ́jọ́. Ó wú mi lórí. Ohun tí àwọn ará ìta kà sí ibi, ìdọ́gba ni ó jẹ́ nínú ilé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di 2024, Star Trek: Discovery ṣí akoto náà níkẹyìn, ohun mìíràn ni a sì bá níbẹ̀: Breen kan tí ń jẹ́ L'ak ní ojú méjì, ọ̀kan rọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń là á kọjá, èkejì le bí ti ènìyàn, ojú kejì yìí sì fa ìjà láàárín òun àti àwọn ìbátan rẹ̀. Ìwé àti eré kò bá ara wọn mu. Kí olùdánwò má ṣe fi ọ̀kan nínú wọn dá akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́bi bí ó bá jẹ́ pé Deep Space Nine nìkan ni ó wò. Iṣẹ́ tí a yàn ni a ó fi máàkì lé.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi Breen wé egúngún, kí olùkọ́ má yára gbà á. Lóòótọ́, ojú bò, ohùn sì yí padà. Ṣùgbọ́n ìlú mọ agbo ilé tí egúngún ti jáde, wọ́n mọ oríkì rẹ̀, wọ́n sì ń kì í bí ó ti ń bọ̀. Breen kò ní oríkì lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí ń sọ ìtàn rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ máàkì. Ìbéèrè bíi "Ṣe àpèjúwe ayé àwọn Breen" kò dára, nítorí ìbéèrè náà fúnra rẹ̀ ti gbà pé a rí ayé ọ̀hún. Ẹ jẹ́ kí a béèrè báyìí: "Kí ni àwọn ẹ̀dá-ìtàn gbà gbọ́ nípa ilé àwọn Breen, ta ni ó tako wọn, ta ni ìwọ yóò sì gbà gbọ́?" Bí ó bá jẹ́ máàkì 10, ẹni tí ó kọ "ilẹ̀ yìnyín ni" lásán kò yẹ kí ó kọjá 2. Ẹni tí ó kọ "wọ́n ní ilẹ̀ yìnyín ni", tí ó sì dárúkọ Weyoun, ti ní 6. Mẹ́rin tí ó kù jẹ́ ti ẹni tí ó bá rántí irú ènìyàn tí Weyoun jẹ́, ìbáà gbà á gbọ́, ìbáà má gbà á gbọ́.