Ìwọ̀n ara ọmọdé tí kò tíì bàlágà

Ìwọ̀n ara ọmọdé tí kò tíì bàlágà ni bí ara ọmọ tí ó wà láàárín nǹkan bí ọdún 6 sí 12 ṣe wúwo tó, ní ìbámu pẹ̀lú gíga rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ àti bóyá ó jẹ́ akọ tàbí abo. Iye tí òṣùwọ̀n bá sọ nìkan kò tó fi ṣe ìdájọ́.

Ìṣirò tí àwọn oníṣègùn ń lò jù lọ ni BMI. A ó fi gíga ọmọ ní mítà pín ìwọ̀n ara rẹ̀ ní kìlógíráàmù, a ó sì tún fi gíga kan náà pín èsì rẹ̀. Fún àgbàlagbà, 18.5 sí 24.9 ni ó dára. Ti ọmọdé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọkùnrin ọdún 10 tí ó ga ní mítà 1.40, tí ó sì jẹ́ kìlógíráàmù 31, yóò ní BMI tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 16. Àgbàlagbà tí ó bá ní iye yìí ti rù jù, ṣùgbọ́n ara ọmọ náà wà déédéé. Bí ó bá jẹ́ kìlógíráàmù 43, BMI rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 22. Iye yìí yẹ àgbàlagbà, àmọ́ lórí àtẹ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2007 fún àwọn ọmọ ọdún 5 sí 19, ọmọ náà ti sanra jù.

Ojú lásán kì í sábà rí èyí, pàápàá láwùjọ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rọ̀bọ̀tọ̀ ti jẹ́ ẹ̀rí ìtọ́jú rere.

Nínú àṣà ìjẹun, ohun mímu ni a máa ń gbójú fò jù. Ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan tí ó jẹ́ ìdajì lítà lè ní ṣúgà tí ó tó gíráàmù 50, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ìwọ̀n tí Àjọ náà fi lélẹ̀ fún ọmọ ọdún 10 lóòjọ́. Ọmọ tí ó jẹ ògì àti mọ́ínmọ́ín kí ó tó jáde nílé kì í tètè wá a kiri.

Fífi ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́, bí àpẹẹrẹ pípè é ní "orobo", kì í mú kí ó fọn. Ìwádìí so irú yẹ̀yẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ ìbànújẹ́ ọkàn àti jíjẹ àjẹjù. Fífi ebi pa á náà léwu, nítorí eegun rẹ̀ ṣì ń dàgbà. Ohun tí àwọn oníṣègùn sábà ń fẹ́ ni pé kí ìwọ̀n ara dúró lójú kan, kí gíga máa pọ̀ sí i. Bí ọmọkùnrin tí ó jẹ́ kìlógíráàmù 43 yẹn bá ga dé mítà 1.50 ní ọdún 12 láìfi kìlógíráàmù kan kún un, BMI rẹ̀ yóò ti lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí 19, ó sì ti padà sí ìpín àwọn tí ara wọn wà déédéé.